Bàálù láti Ìkẹjà sí Àkúrẹ́: ẹ má fi ìṣẹ́jú 45 náà ṣírò ìrìn yín

Láti Ìkẹjà sí pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 230 ni lójú ọ̀run. Ẹni tó bá gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà á rin kìlómítà 300 ó lé. Bí ọ̀nà bá dára, wákàtí 5 sí 6 ni lórí ilẹ̀. Bàálù ńkọ́? Ìṣẹ́jú 40 sí 45.

Bàálù oní-fáànù tí wọ́n sábà fi ń ná irú ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀ lè sá tó kìlómítà 500 ní wákàtí kan, nítorí náà ìdajì wákàtí ló yẹ kó gbà. Ṣùgbọ́n ó máa kọ́kọ́ rìn nílẹ̀ l'Ékòó, ó máa tò sẹ́yìn àwọn bàálù ńlá, kò sì ní pẹ́ lókè kó tó tún máa sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wọ̀ ọ́, omi inú ike tí wọ́n fún mi kò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi ní ká de bẹ́líìtì wa padà. Mo fẹ́ràn apá yìí gan-an: igbó ṣú dùdù nísàlẹ̀, àpáta ń yọrí láàárín rẹ̀. Nígbà tí a balẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn wọlé, ẹrù sì dé kíákíá.

Èkó gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ajah lè lo wákàtí 2 nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kó tó rí Ìkẹjà, ó sì tún gbọ́dọ̀ dé ṣáájú àkókò. Lẹ́yìn náà ni ìdádúró. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n kàn kéde pé bàálù wa kò tíì dé, kò sẹ́ni tó sọ ìgbà tó máa dé. Ìyá kan tó ń lọ síbi ìsìnkú l'Ádó-Èkìtì ti wọ aṣọ ẹbí láti ilé, gèlè rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀. Ó bi òṣìṣẹ́ kan pé, "Ọmọ mi, ṣé a ó bá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì?" Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ó dùn mí. Tí ọkọ̀ bá máa pẹ́, kí wọ́n sọ fún èèyàn kó tó kúrò nílé.

Lásìkò ọyẹ́, ó tún le sí i, nítorí eruku kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí ojú ọ̀nà tó fẹ́ balẹ̀ sí.

Síbẹ̀, màá tún wọ̀ ọ́. Kódà bí wákàtí tí mo lò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti mọ́tò, ara mi kì í wó, ọkàn mi sì balẹ̀ ju ti ojú pópó lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kí ẹ rà, torí ìdádúró ti òwúrọ̀ ló ń di ti ìrọ̀lẹ́. Ó dára fún ẹni tó ń lọ Àkúrẹ́, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Adó. Ẹni tó ń lọ Iléṣà tàbí ìlú Òǹdó, kó wọ mọ́tò rẹ̀ jẹ́jẹ́, torí bó bá balẹ̀ l'Ákùúrẹ́, ó ṣì máa wá ọkọ̀ míì padà sẹ́yìn.