Àgbéyẹ̀wò Hóró Fítámì C àti E fún Ẹni tí Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù Rẹ̀ Ga

Hóró fítámì tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní fítámì C 500 miligíráàmù àti fítámì E 400 IU (ìyẹn ìwọ̀n àgbáyé tí wọ́n fi ń díwọ̀n fítámì) nínú, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò rẹ̀ pé ó wà fún ìlera iṣan ẹ̀jẹ̀. Àwa tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wa, ìyẹn irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, ga ni wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pè. Mo lo ìgò kan tán, mo sì lo òmíràn tẹ̀ lé e kí n tó kọ èyí.

Ní ti lílò, kò ni mí lára. Hóró náà tóbi díẹ̀, ẹni tí oògùn kì í tètè lọ lọ́fun rẹ̀ yóò nílò omi púpọ̀. Ẹ̀yìn oúnjẹ ni mo máa ń lò ó, nítorí pé inú ọ̀rá ni fítámì E ti ń yòrò.

Ohun tí wọ́n ń polówó kì í ṣe irọ́ pátápátá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń pèsè èròjà kan, nitric oxide, tó ń jẹ́ kí iṣan náà fẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bá fẹ́ kọjá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Furchgott, Ignarro àti Murad, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1998 nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Bí LDL, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí kò dára, bá pọ̀ jù, tí ọ́síjìn sì bà á jẹ́ lára iṣan, nitric oxide yìí a máa dínkù, a sì máa ṣòro fún iṣan láti fẹ̀. Irú ìbàjẹ́ yìí ni fítámì C àti E ń dènà. Ìwádìí kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2003, lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn ga, rí i pé iṣan apá wọn ń fẹ̀ dáadáa sí i lẹ́yìn tí wọ́n lo fítámì méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kí iṣan fẹ̀ lójú ẹ̀rọ kò túmọ̀ sí pé àrùn ọkàn kò ní kọlu ènìyàn, ibẹ̀ gan-an ni ìgò náà sì dákẹ́ sí. Nínú Heart Protection Study tí wọ́n ṣe ní Britain, èyí tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, àwọn tó lé ní 20,000 tí ewu àrùn ọkàn wọn ga ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún ìdajì wọn ní fítámì E 600 miligíráàmù, C 250 miligíráàmù àti beta-carotene (èròjà tí ara ń sọ di fítámì A) 20 miligíráàmù lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú kò dínkù rárá. Nínú ìwádìí kan náà, simvastatin 40 miligíráàmù, ọ̀kan lára àwọn oògùn statin tó ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù, dín gbogbo wọn kù.

Ohun tí mo rí lára tèmi kò ta ko èyí. Nígbà tí fítámì nìkan ni mo ń lò, LDL mi kò kúrò níbi tó wà. Ìgbà tí dókítà fi statin kún un ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó yí padà.

Ohun tó bí mi nínú jù ni ohun tí wọn kò kọ. Fítámì E púpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ìgò náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bá dókítà tàbí apòògùn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún un: ọ̀kan nítorí pé kò yọ inú mi lẹ́nu, ìkejì nítorí pé wọ́n kọ ìwọ̀n fítámì inú rẹ̀ kedere. N kò ní ra ìgò kẹta.