Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Lóru? Ìfiwéra Àwọn Onímọ̀ràn Séfítì àti Àyíká fún Ilé Iṣẹ́

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná sọ nínú ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú. Àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú ilé, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò jáde. Ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà tí Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 ti wà nílẹ̀, òfin náà sì sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i fúnra rẹ̀.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní ìbéèrè kan tí mo máa ń dúró dè nígbà tí onímọ̀ràn séfítì (ààbò lẹ́nu iṣẹ́) tuntun bá dé ilé iṣẹ́ ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà: "Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lóru?" Èyí tó bá béèrè rẹ̀ kó tó jókòó, mo mọ̀ pé ó ti dé ìdí ẹ̀rọ rí. Èyí tó bá kọ́kọ́ ṣí kọ̀ǹpútà, tó ń fi àwòrán àwọn oníbàárà rẹ̀ ńláńlá hàn wá, mo máa ń fi sùúrù gbọ́ ọ, àmọ́ ọkàn mi kì í balẹ̀ sí i.

Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n wá irú àwọn ènìyàn yìí, kí n gba ìwé iye owó lọ́wọ́ wọn, kí n sì fi wọ́n wéra. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo kọ èyí sí.

Ẹni tiyín tàbí ẹni ìta

Ẹni tí ẹ bá gbà sí iṣẹ́ lóṣooṣù máa ń wà nílé. Ó mọ̀ pé ọmọkùnrin tó ń wa fọ́kílíìfù máa ń sáré tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù bá ti tò sẹ́nu géètì. Ó mọ ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú ìbòrí rẹ̀ kúrò nítorí pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ló ti ń gba owó oṣù, kò sì rọrùn fún un láti wò yín lójú kó ní kí ẹ pa ẹ̀rọ tó ń mówó wọlé. Mo tún ti rí ibi tí wọ́n ti sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di olùtọ́jú sítọ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ó ń ka bàtà àti akoto, kò ráyè dé ìdí ẹ̀rọ mọ́.

Onímọ̀ràn ìta ní irinṣẹ́ tí ẹ kò ní láti rà: èyí tó ń wọn ariwo, èyí tó ń wọn gáàsì kí ènìyàn tó wọ inú táńkì. Ó lè bá ọ̀gá àgbà sọ ohun tí òṣìṣẹ́ kò lè sọ. Ohun tí kò lè fún yín ni aago méjì òru. Tí ẹ̀rọ yín bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, ẹ gba ẹni tiyín ná, kí onímọ̀ràn ìta wá máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ ojúmọmọ nìkan lẹ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ kò sì ju ọgbọ̀n lọ, onímọ̀ràn tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù àti òṣìṣẹ́ kan tí ẹ rán lọ kọ́ ẹ̀kọ́ séfítì ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹrù òfin kò kúrò lórí yín. Tí jàǹbá bá pa ènìyàn, tàbí tí òṣìṣẹ́ kò bá lè ṣiṣẹ́ fún ju ọjọ́ 3 lọ nítorí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ̀wé sí aṣojú ìjọba tó ń bojú tó ilé iṣẹ́. Òfin Ìsanpadà Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó farapa, náà gbọ́ láàárín ọjọ́ 7. Onímọ̀ràn gidi á bá yín kọ ìwé wọ̀nyí, á sì bi yín bóyá ẹ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yín fún NSITF, nítorí òun ni ẹni tó bá farapa yóò fi rí ìtọ́jú.

Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan tàbí àdéhùn ọdún kan

Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò wọ́n tó àdéhùn ọdún kan. Wọ́n á wá fún ọjọ́ kan tàbí méjì, wọ́n á rìn yí ilé iṣẹ́ ká, wọ́n á sì kọ ìwé. Ó wúlò tí ẹ kò bá tíì mọ ibi tí ẹ dúró sí rárá. Ewu rẹ̀ ni pé ìwé náà lè wọnú dúrọ́ọ̀, kó má jáde mọ́.

A ti sanwó fún ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé tí wọ́n gbé wá nípọn, ó sì dùn ún wò. Nígbà tí mo kà á dé àárín, mo bá ewu ààrò bisikíìtì pàdé. Ọ̀rá là ń ṣe. A kò ní ààrò. Ẹ̀rọ tí ń gé ọ̀rá, tó ti gé ìka ọmọ iṣẹ́ wa kan, kò sí nínú ìwé náà. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n wá wọn ariwo, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ méjì péré nínú méje ló ń ṣiṣẹ́. Inú bí mi gan-an, nítorí etí àwọn ènìyàn ni wọ́n fi ṣe eré. NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́, ní kí etí má gbà ju desibẹ́ẹ̀lì 85 (òṣùwọ̀n ariwo ni desibẹ́ẹ̀lì) lọ fún wákàtí 8. Tí desibẹ́ẹ̀lì 3 bá lé sí i, wákàtí 4 ló kù. Ẹni tó bá wọn ariwo nígbà tí ẹ̀rọ sinmi ti pa irọ́ fún yín.

Ohun tí àdéhùn ọdún kan ń rà fún yín ni pé ẹnì kan á padà wá bi yín pé, "Èyí tí a sọ lóṣù tó kọjá ńkọ́?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye ìgbà tí wọ́n máa wá sínú ìwé, àti orúkọ ẹni tó máa wá. Àgbà òṣìṣẹ́ tó fi ẹnu dídùn gba iṣẹ́ náà lè má yọjú mọ́ láé, kó jẹ́ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnlú ni wọ́n á máa rán sí yín.

Ẹ tún wo irú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fúnni. Tí ìdáhùn sí gbogbo ewu bá jẹ́ ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti ìdí-etí (ohun tí a fi ń dí etí), ẹ má sanwó. Ohun tí ènìyàn ń wọ̀ ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé a lè mú ewu náà kúrò, ṣé a lè fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀, ṣé a lè fi ìbòrí tàbí ògiri dí i. Jẹnẹrétọ̀ wa wà lẹ́yìn ògiri ibi tí àwọn obìnrin ti ń di ọ̀rá. Onímọ̀ràn kan ní ká ra ìdí-etí. Òmíràn ní ká gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ọgbà. A gbé e.

Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé ẹ̀rí HSE (ìlera, ààbò àti àyíká) tí wọ́n ń fúnni lópin ọ̀sẹ̀ kò sọ ènìyàn di onímọ̀ràn. NEBOSH, ìwé ẹ̀rí séfítì láti Ìlú Ọba, wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ìdánwò rẹ̀, ẹgbẹ́ ISPON sì ni òfin ọdún 2014 gbé kalẹ̀ fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ séfítì ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè nọ́mbà ọmọ ẹgbẹ́ wọn, kí ẹ sì wádìí rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín, kí wọ́n kọ́ wọn ní Yorùbá àti Pidgin, nídìí ẹ̀rọ gan-an.

Séfítì yàtọ̀ sí àyíká

Ilé iṣẹ́ onímọ̀ràn púpọ̀ ló ń kọ méjèèjì sára pátákó wọn, bẹ́ẹ̀ ojú tí wọ́n fi ń wo nǹkan kò dọ́gba. Onísẹ́fítì ń wo inú ọgbà. Onímọ̀ àyíká ń wo ohun tó ń ti ọgbà jáde: èéfín, omi ìdọ̀tí, eruku. Ní ọdún 2025, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi òjé hàn lára àwọn ará Ògìjo tó ń gbé nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ òjé lára bátìrì àtijọ́. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn, tí wọn kò gba owó oṣù kankan níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn olùrà jẹ jù nìyí. Òfin EIA (àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ máa ní lórí àyíká) ti ọdún 1992 wà fún iṣẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́wàá, audit àyíká (àyẹ̀wò ohun tó ń ṣe sí àyíká lọ́wọ́lọ́wọ́) ló yẹ ẹ́. Tí ẹnì kan bá fẹ́ ta EIA fún yín lórí ẹ̀rọ tó ti ń dún, ẹ bi í léèrè ìdí. Ẹ má sì gbàgbé ààlà àwọn àjọ àyíká: LASEPA ló wà l'Ékòó, OGEPA ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, NESREA sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Onímọ̀ràn tí wọ́n mọ̀ dáadáa n'Íkẹjà lè jẹ́ àlejò pátápátá l'Ábẹ́òkúta.

Ní ti ISO 45001 (ìlànà àgbáyé fún séfítì) àti ISO 14001 (ti àyíká), ẹni tó bá yín kọ́ ètò náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa fún yín ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á ṣe méjèèjì, ẹ sìn ín dé géètì.

Ìwé méjì lórí tábìlì kan

Ìgbà tí a fẹ́ gba èyí tó ń bá wa ṣiṣẹ́ báyìí, ìwé méjì ló kù lọ́wọ́ mi. Àkọ́kọ́ jẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá, ìlà kan ṣoṣo sì ni iye owó wà. Èkejì jẹ́ ojú ewé mẹ́ta, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ya iye ọjọ́ sọ́tọ̀, ó ya owó yàrá àyẹ̀wò sọ́tọ̀, owó tí ìjọba ń gbà àti owó ọkọ̀ náà dá dúró. Nígbà tí mo bi àkọ́kọ́ pé ṣé owó ìjọba wà nínú tirẹ̀, ó ní rárá. Ìyàtọ̀ owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àkọ́kọ́ tún ń ta ohun èlò ìpaná. Kò burú láti tà á, àmọ́ ẹni tó ń tà á ló máa sọ iye tó yẹ ká rà, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní kí àwọn méjèèjì fi ìwé hàn mí pé wọ́n ti yẹ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ariwo àti gáàsì wò láàárín ọdún kan. Èkejì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun náà ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀kan nínú ìgbà tí àwọn máa wá gbọ́dọ̀ jẹ́ òru.

Alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sidé ni wọ́n dé. Wọ́n bá ilẹ̀kùn pàjáwìrì wa lẹ́yìn òkìtì ọ̀rá, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló wà nínú ilé lóru yẹn. Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kọjá láti ọdún pípẹ́.

A di ìdá kan nínú márùn-ún owó wọn mú, bí a ṣe kọ ọ́ sínú àdéhùn, títí wọ́n fi padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lóru, láìsọ ọjọ́ fún wa tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọjá níwájú gbogbo wa, wọ́n gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn náà, ó ṣí.