Ìkìlọ̀ o: Boxer pupa tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ń wá ọ̀kadà àlòkù rà lórí ayélujára n'Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, kó fara balẹ̀ ka eléyìí kó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bajaj Boxer pupa kan ni wọ́n ń polówó kiri. Iwájú ògiri tí wọn ò tíì rẹ́ ni wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́. Iye tí wọ́n pè é kò tó ìdajì ohun tí ẹ máa rà á lọ́wọ́ àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ọkùnrin tó ń tà á kọ sábẹ́ fọ́tò ni pé òun fẹ́ jápa, ìwé ọkọ̀ pé, ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló máa gbé e lọ.

Àbúrò mi kan tó fẹ́ fi gbé ọjà fáwọn oníbàárà ló rí i. Ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ ní kó fi ₦10,000 ránṣẹ́ kí òun má baà tà á fún ẹlòmíì kó tó wá wò ó. A ò san. Jiji, ìyẹn ọjà orí ayélujára, fúnra wọn kọ ọ́ sójú ọjà wọn pé kí èèyàn má sanwó ṣáájú, ìbáà jẹ́ owó wébílì. Nígbà tó rí i pé owó ò jáde, ó ní ká pàdé òun ní ilé epo kan ní Ìwó Road. Mo mú mẹkáníìkì mi dání.

Ká tó dé, ó ti tan ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ìyẹn nìkan ti tó ìfura. Ẹ́ńjìnnì tútù ló máa ń sọ òótọ́: bóyá ó máa ń yọni lẹ́nu láàárọ̀, bóyá èéfín búlúù ń jáde torí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Ó kó pátíkúlà jáde, gbogbo rẹ̀ pé, nọ́ńbà pátákó ẹ̀yìn ọkọ̀ bá tinú ìwé mu. Ẹlòmíì ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Mẹkáníìkì ò tilẹ̀ wo ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àkísà tó rẹ sínú epo nu ọrùn ọkọ̀, níbi tí hándù ti wọ férémù, torí ibẹ̀ ni nọ́ńbà ṣásí Boxer, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀, máa ń wà. Ọ̀dà dúdú tí kò tíì pẹ́ ṣí kúrò. Àwọn nọ́ńbà iwájú tò dáadáa, àmọ́ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn wọ́, ọ̀kan ga, ọ̀kan rẹlẹ̀, irin abẹ́ wọn sì ń dán bí ohun tí wọ́n ti fi gíráíńdà họ. Mẹkáníìkì ò sọ̀rọ̀. Ó kàn fi èékánná họ ibẹ̀, ó wojú mi. Ọkùnrin yẹn ní ẹnì kan ń pe òun lórí fóònù (fóònù tí kò dún o), ó gun ọkọ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ yẹn tún yọ, pẹ̀lú téèpù dúdú lórí ìjókòó rẹ̀, lábẹ́ orúkọ mìíràn. Wọ́n ní Òṣogbo ló wà báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ìwé yẹn lè má jẹ́ ayédèrú rárá. Ó lè jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn tó ti jóná tàbí tó ti run sínú jàǹbá, kí wọ́n ra ìwé rẹ̀, kí wọ́n wá tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sára èyí tí wọ́n jí. Ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n jí ọkọ̀ rẹ̀ bá dá a mọ̀ lójú títì, ẹ̀yin lẹ máa wà lẹ́yìn káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ ó máa ṣàlàyé. Ẹni tó tà á fún yín ti pa fóònù nígbà yẹn.

Torí náà, ara ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Nọ́ńbà ṣásí jẹ́ 17, lẹ́tà àti òǹkà pa pọ̀. Àwọn Boxer tó wá láti Íńdíà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MD2. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí Q níbẹ̀, ẹ máa lọ sílé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lápá òsì, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ yí jíà. Ẹ ya fọ́tò méjèèjì, ẹ fi wọ́n wé tinú ìwé, kẹ́ ẹ sì mú wọn lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe láísẹ́ǹsì kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ya fọ́tò ti dáhùn ìbéèrè yín.

Àwọn kan sì wà tó ń fi òfin Èkó bojú, wọ́n á ní torí òfin lọ̀kadà fi pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò sì níwèé. Òótọ́ ni pé láti June 1, 2022, ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Ètí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland, wọ́n sì fi àwọn mìíràn kún un lọ́dún yẹn kan náà. Àmọ́ òfin ò ní kí ọkọ̀ má ní ìwé. Bó bá sì jẹ́ àwọn àdúgbò yẹn lẹ fẹ́ gbé e lọ, ẹ má rà á rárá, wọ́n á gbà á, wọ́n á rún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tà, tiyín náà wà ńbẹ̀. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ gùn ún wò, kó fi owó náà sílẹ̀ lọ́wọ́ yín kó tó gbẹ́sẹ̀ sókè. Káàdì ìdánimọ̀ ò tó, torí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ nígboro. Bó bá sì fi alert hàn yín lórí fóònù rẹ̀, tàbí tí tẹ́ẹ̀sì wọlé sórí tiyín, ẹ ṣí áàpù báǹkì yín, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé owó ti wọlé kẹ́ ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Bó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ jọ jókòó dúró dè é.