ASIO4ALL lórí Windows: ibi tó ti ń gé ìfàsẹ́yìn ohùn kù, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí

ASIO4ALL jẹ́ sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tó ń dín ìfàsẹ́yìn ohùn kù, ìyẹn àkókò tó ń kọjá láàárín ìgbà tí ohùn wọ kọ̀ǹpútà àti ìgbà tó jáde sí etí. Kò tóbi, Windows nìkan ló sì wà fún. Àwọn tó ń lo Mac kò nílò rẹ̀, torí Core Audio, ètò ohùn Apple, ti wà nínú ẹ̀rọ tiwọn láti ìpilẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí látọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń kọrin sí máìkì máa gbọ́ ara rẹ̀ nínú hẹ́dífóònù lójú ẹsẹ̀, láìra ohunkóhun. Ó ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà tó ń gbé síwájú ẹni kì í ṣe gbogbo òótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń ṣì í lò.

Láìsí i, ohùn tó ń jáde nínú sọ́fítíwia máa ń gba inú mixer Windows kọjá, níbi tí Windows ti ń pò ó mọ́ ohùn browser àti gbogbo ìró kéékèèké tó ń dún lórí kọ̀ǹpútà. Ìdúró yẹn ń jẹ àkókò. ASIO4ALL kì í yà síbẹ̀ rárá: driver WDM (sọ́fítíwia tí Windows fi ń darí káàdì ohùn) tí káàdì náà ti ní tẹ́lẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ tààrà, ó wá ń fara hàn sọ́fítíwia bí ASIO, ìlànà tí ilé iṣẹ́ Steinberg gbé jáde fún ìfàsẹ́yìn tó kéré. Nítorí náà kì í ṣe driver tuntun, aṣọ tí a wọ̀ fún driver àtijọ́ ni. Bí ti abẹ́ bá lọ́ra, òun náà á lọ́ra. Bí interface rẹ (àpótí tí a ń ki máìkì tàbí gìtá bọ̀ kí ohùn lè wọ kọ̀ǹpútà) bá sì ní driver ASIO tirẹ̀ látọwọ́ àwọn tó ṣe é, ìyẹn ni kí o lò. Má wulẹ̀ fi ASIO4ALL sí i.

Nínú REAPER, sọ́fítíwia tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, lọ sí Options, Preferences, Audio, Device, yan ASIO, lẹ́yìn náà ASIO4ALL, kí o tẹ ASIO Configuration. Pánẹ́lì kékeré kan á yọ: àwọn ẹ̀rọ ohùn wà lápá òsì, bọ́tìnnì ìtanná wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n buffer (iye ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó fi ránṣẹ́) wà nísàlẹ̀, 512 ni wàá sì bá níbẹ̀. Tẹ àmì spanner kí ìyókù lè hàn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kí o tàn. Ó máa gbà kí o lo máìkì USB pẹ̀lú ihò hẹ́dífóònù kọ̀ǹpútà pa pọ̀, ṣùgbọ́n aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé. Ìṣísẹ̀ wọn kò ní dọ́gba, bó bá sì pẹ́ díẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta párá. Bí máìkì USB náà bá ní ihò hẹ́dífóònù lára, ibẹ̀ ni kí o kì í bọ̀.

Ẹjọ́ tó wọ́pọ̀ jù ni àmì pupa tó ń sọ pé ẹ̀rọ kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Òun nìkan ni ASIO4ALL fẹ́ kó di káàdì mú. Bí táàbù browser kan bá ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, kò ní rí i gbà. Pa browser pátápátá, má kàn gbé e sísàlẹ̀. Bí pupa yẹn kò bá lọ, yẹ apá MIDI (àṣẹ orin tí kíbọ́ọ̀dù ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà) nínú sọ́fítíwia rẹ wò: Microsoft GS Wavetable Synth, ohun èlò orin inú Windows, bó bá wà ní títàn, máa ń gba ẹ̀yìn di káàdì mú, kò sì sẹ́ni tó máa ń fura sí i. Bó bá jẹ́ “Beyond Logic” ló kọ, yọ wáyà USB, kí o tún un kì bọ̀.

Ìṣirò buffer kò le. Pín iye sample (ègé kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń gé ohùn sí) pẹ̀lú sample rate, iye wọn ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ní 48,000, buffer 512 jẹ́ mìlísẹ́kọ́ńdì (ms) 10.7, 256 jẹ́ 5.3, 128 jẹ́ 2.7, 64 sì jẹ́ 1.3. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ohùn ń gba ibẹ̀ kọjá, nígbà tó ń wọlé àti nígbà tó ń jáde, nítorí náà 512 ti jẹ ju 21 ms lọ kí a tó ka ohun mìíràn. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rin nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 34 ní 1 ms. 10 ms dà bí ìgbà tí sípíkà wà ní nǹkan bí mítà mẹ́ta àtààbọ̀ síni. Onígìtá lè fara mọ́ ìyẹn. Akọrin kò ní lè fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, torí ohùn tirẹ̀ ti gba inú egungun orí dé etí rẹ̀ kí ti hẹ́dífóònù tó dé, àwọn méjèèjì á wá dún papọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú páìpù.

Wàyí o, iye tí REAPER ń kọ sókè lápá ọ̀tún, ohun tí ASIO4ALL sọ fún un ló ń tún sọ. Àkókò tí káàdì fi ń yí ohùn sí nọ́ńbà, ìrìn orí USB, àti buffer tí driver fi pamọ́ lè má sí nínú rẹ̀. Wáyà ló mọ òótọ́. Mú wáyà 3.5 mm olórí méjì, ki orí kan bọ ibi tí ohùn ti ń jáde, kí o ki èkejì bọ ibi tó ti ń wọlé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká oníhò kan ṣoṣo nílò wáyà tó ń ya máìkì sọ́tọ̀ kúrò lára hẹ́dífóònù. Bí o kò bá ní in, gbé etí hẹ́dífóònù lé máìkì. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kò ju 0.1 ms lọ. Dín volume kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Pa input monitoring (gbígbọ́ ohùn tó ń wọlé) lórí track tí o fẹ́ fi gbà á, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ohùn náà á máa yípo, á sì han gooro mọ́ ọ létí. Lẹ́yìn ìyẹn, yọ àmì kúrò níwájú “Use audio driver reported latency” ní Preferences, Audio, Recording. Fi ìró kúkúrú tó mú, bí ìgbà tí a fi igi gbá igi, sí track kìíní, gbà á sórí track kejì, kí o fa àwòrán ohùn náà gbòòrò títí wàá fi rí sample lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká ní àlàfo tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ 1,104 sample. Pín in pẹ̀lú 48: 23 ms, ìyẹn ni ìfàsẹ́yìn gidi. Dá àmì yẹn padà, kí o tún un gbà. Bí àlàfo bá ku 480, 10 ms ni driver kò jẹ́wọ́. Kọ 480 sí input manual offset níbẹ̀, kí o dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì dípò òdo, fi àmì àyọkúrò ṣáájú rẹ̀. Èyí kò dín ohun tí etí ń gbọ́ kù o. Ibi tí ohùn tí a gbà jókòó sí lórí track ló ń tún ṣe.

Bí o bá ń sọ buffer kalẹ̀, má ṣe é ní ìfò kan. 256, gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà 128. Bí ohùn bá ń ta párá nígbà tí project ṣófo, ẹ̀bi Windows tàbí driver ni. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí plug-in (sọ́fítíwia kéékèèké tó ń tún ohùn ṣe) pọ̀ nìkan ló ń ta, agbára kọ̀ǹpútà ló kù díẹ̀ káàtó. Fún ti àkọ́kọ́, ṣí LatencyMon, sọ́fítíwia tó ń fi driver tó ń dá ohùn dúró hàn, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o wo orúkọ tó wà lókè. Bó bá jẹ́ ndis.sys, pa Wi-Fi. Bó bá jẹ́ nvlddmkm.sys, driver NVIDIA ni. ACPI.sys sábà máa ń kan iná àti bátìrì. Nínú ètò iná Windows, yan High performance, pa USB selective suspend (ètò tó ń pa ihò USB láti fi iná pamọ́), jẹ́ kí ṣájà wà lára rẹ̀, kí o sì ki máìkì bọ ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ara hub tó ń pín ihò USB. Má sáré lọ sí 96,000 nítorí pé ó ń pín ms sí méjì: iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà á di ìlọ́po méjì, buffer ńlá náà ni yóò sì tún fà ọ́ padà sí.

Plug-in náà ń jẹ tirẹ̀. Limiter (èyí tí kì í jẹ́ kí ohùn ròkè jù) tó ń wo iwájú 5 ms yóò fi 5 ms kún un, EQ linear-phase (irú kan lára àwọn tó ń tún ìró ṣe) sì máa ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pa wọ́n nígbà tí o bá ń gba ohùn. Ti hẹ́dífóònù Bluetooth, má tilẹ̀ dá a sọ.

Fún ẹni tó ń fi kíbọ́ọ̀dù MIDI tẹ dùùrù, mo fún ASIO4ALL ní mẹ́rin nínú márùn-ún, torí ọ̀nà ìjáde nìkan ni ohùn tiẹ̀ ń gbà, 256 sì tó o. Fún akọrin, mẹ́ta: máìkì tó lè dá ohùn padà sí hẹ́dífóònù láìwọ kọ̀ǹpútà rárá yóò ṣe é lóore jù, ó sì lè fi buffer sí 1,024. Fún onígìtá tó ń lo amp inú kọ̀ǹpútà, méjì. Interface tó ní driver tirẹ̀ ni kó tọ́jú owó rẹ̀ fún.