Amọ̀nà Tó Ń Sọ Ìtàn Ogun Òṣogbo: Ohun tí Mo Rí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo san ₦4,000 fún ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń mú àlejò rin láti iwájú ààfin Àtáọ́ja dé Igbó Ọ̀ṣun, tí ó sì ń sọ bí àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ṣe dó ti Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840 kí Ìbàdàn tó wá gba ìlú sílẹ̀. Owó náà tọ́ sí wákàtí mẹ́ta tí a lò.

Etí odò ni iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára jù. Ó yọ ewé yánrin kan nínú àpò, ó já a, oje rẹ̀ funfun bí wàrà sì kán sí mi lọ́wọ́. Ó wá sọ ohun tí àwọn àgbà Òṣogbo máa ń sọ, pé Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló para dà di obìnrin tó ń kiri ẹ̀fọ́ ní ibùdó ọ̀tá, tí ìgbẹ́ gbuuru fi dá àwọn tó jẹ ẹ́ dùbúlẹ̀.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe ja ogun náà gan-an ni ó fò dá, èyí sì dùn mí. Kò sọ pé ikọ̀ kékeré ni Ìbàdàn kọ́kọ́ rán, tí apá wọn kò ká a, kí Balógun Ọdẹ́rìnlọ tó kó ogun ńlá dé. Kò sọ pé òru ni wọ́n yọ sí ibùdó Ìlọrin nítorí ìbẹ̀rù àwọn ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí dá ara wọn mọ̀ nínú òkùnkùn: ẹnì kan á béèrè pé, “Èló ni owó odò?”, ìyẹn owó tí wọ́n ń san láti sọdá odò, èkejì á dáhùn pé, “Ogún.” Ẹ wo irú ìtàn tó yẹ kí ènìyàn gbọ́ lẹ́bàá omi!

Ó tún pe ogun yìí ní Jálumi. Ọdún 1878 ni wọ́n ja Jálumi, ní ìhà Ìkìrun, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá ti kú sínú odò Ọ̀tìn. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, “Ẹ ṣé, mà,” ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó mú dání lójú mi.

Èmi yóò padà lọ, èmi yóò sì mú àwọn ọmọ mi dání. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lọ, ẹ lọ ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì bi í léèrè owó odò.