Wọ́n yọ àpò òróòro mi láìla ikùn, ẹ wá gbọ́ bó ṣe lọ

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń lo oògùn ọ́lúsà, láìmọ̀ pé òkúta ló wà nínú àpò òróòro mi. Tí n bá ti jẹ àkàrà tàbí ọbẹ̀ ayamáṣe lálẹ́, tó bá fi máa di aago kan òru, abẹ́ ìhà mi lọ́tùn-ún á ti máa ro mí, á gba ẹ̀yìn yọ sí èjìká. Ìgbà tí ẹyinjú mi pọ́n bí epo tí ìtọ̀ mi wá dà bíi tíì, àwọn ará ilé ní ibà pọ́njú ni, wọ́n fẹ́ lọ já ewé, ẹ̀gbọ́n mi ló yarí pé àfi síkáànì. Òkúta kan ti já bọ́ sí ojú ọ̀nà tí òróòro ń gbà lọ sínú ìfun, ó dí i pa.

Ọsibítù tó ń ṣe ERCP, ìyẹn kí wọ́n gba ọ̀fun lọ yọ irú òkúta bẹ́ẹ̀, ò pọ̀ ní Nàìjíríà, torí ẹ̀ la ṣe wá Èkó (mi ò ní dárúkọ wọn o). Rọ́bà tó ní kámẹ́rà lórí ni wọ́n tì gba ọ̀fun mi lọ dé ìfun, wọ́n la ẹnu ojú ọ̀nà yẹn díẹ̀, wọ́n fi báálúùnù kékeré wọ́ òkúta jáde. Oorun ni mo sùn ní tèmi.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n wá yọ àpò fúnra ẹ̀. Ihò mẹ́rin péré, wọ́n fẹ́ gáàsì sínú ikùn kó wú kí wọ́n lè ríran, wọ́n fi kílíìpù dí ẹnu ẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n sì fà á gba ìdodo jáde. Wọ́n ti ní kí n buwọ́ lù ú tẹ́lẹ̀ pé tí ibẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n máa la ikùn bíi tàtijọ́. Dókítà ará Jámánì kan, Erich Mühe, ló kọ́kọ́ gba ojú ihò yọ àpò òróòro báyìí lọ́dún 1985, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì bẹnu àtẹ́ lù ú nígbà yẹn, ẹ wò ó lónìí! Ọjọ́ kejì ni mo lọ sílé.

Èjìká ló bí mi nínú. Alẹ́ ọjọ́ tí mo délé, ibi tó máa ń ro mí tẹ́lẹ̀ gan-an ló tún bẹ̀rẹ̀, àyà mi já, mo ní wọ́n ti gbàgbé òkúta sínú mi, mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún mi títí, ẹnìkan ò gbé e. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ló ní gáàsì tó ṣẹ́ kù ló ń yọ iṣan tó pín àyà àti ikùn lẹ́nu, kí n máa rìn kiri nínú ilé. Ọjọ́ kẹta ló lọ. Ṣé ìyẹn náà ṣòro sọ fún èèyàn kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù ni?

Iṣẹ́ ọwọ́ dókítà, 5 nínú 5. Ìtọ́jú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán, 2. Mo ti padà sídìí àkàrà mi, ayamáṣe nìkan ló ṣì máa ń lé mi sáré wọ ṣálángá.