Oògùn ìpáàrà tí mo kùn sára ẹsẹ̀ máṣíìnì ìyá mi, lẹ́yìn oṣù 9

Ìdí ògiri tó ń rin ni máṣíìnì ìránṣọ alátẹ̀sẹ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi wà fún ọdún mélòó kan kí n tó lọ gbé e. Nígbà tí mo ṣí aṣọ orí rẹ̀, ẹsẹ̀ irin méjèèjì ti pọ́n bí ẹni fi osùn kùn wọ́n. Ó dùn mí gan-an. Mo bá ra oògùn ìpáàrà, èyí tó ní ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì àti táníìnì (èròjà kan tó máa ń wà nínú èèpo igi) nínú. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé kéèyàn ṣáà ti kùn ún, pé ìpáàrà kò ní padà wá mọ́ láéláé.

N kò gbà á gbọ́ tán, mo wá dán an wò. Ẹsẹ̀ òsì, ọ̀dà nìkan ni mo kùn lé ìpáàrà lórí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, oògùn nìkan. Ibi ìtẹ̀sẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí gbogbo èyí tó ń ṣí bí èépá fi bọ́, mo kùn ún lóògùn, ó di ọjọ́ kejì kí n tó kun ọ̀dà lé e lẹ́ẹ̀mejì.

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí pupa náà fi ṣú, tó dúdú bí aró. Táníìnì ló di irin inú ìpáàrà mú, tí méjèèjì para pọ̀ di ohun dúdú tí omi kì í tètè yọ́. Irú dúdú yìí náà ló wà nínú tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ̀wé ní Yúróòpù láyé àtijọ́. Níbi tí ìpáàrà bá ti fẹ́lẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀.

Ibi tó ti nípọn ni wàhálà wà. Omi nìkan kì í mú irin dógùn-ún, afẹ́fẹ́ nìkan kì í mú un dógùn-ún. Àfi kí omi àti ọ́síjìn pàdé lára rẹ̀. Tí ìrì bá sẹ̀ sí i, ibì kan lára irin á máa yọ́ sínú omi, á sì fi ẹlẹ́ktrọ́ọ̀nù, àwọn ègé tíntìntín tó ń gbé iná, sílẹ̀. Ẹlẹ́ktrọ́ọ̀nù á gba inú irin lọ síbòmíràn, níbi tí ọ́síjìn inú omi ti máa gbà á. Bátìrì kékeré ni. Kọ̀rọ̀ tí ọ́síjìn kò sì tó ló máa ń yọ́ jù. Mo fojú rí i: bóòtù kan tó so irin ẹsẹ̀ pọ̀, tí orí rẹ̀ mọ́ tónítóní, nígbà tí mo tú u, ọrùn rẹ̀ ti jẹ dé ìdajì. Báwo ni oògùn tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ṣe máa dé irú ibẹ̀? Ìpáàrà tún máa ń gba àyè ju irin tó ti jáde wá lọ, ó ń wú, ó ń ṣí, omi tún ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ojú méjì kan wà lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀ tó ti jẹ wọnú, ibi tí ẹsẹ̀ ìyá mi máa ń wà gan-an. Òógùn ẹsẹ̀ ní iyọ̀ nínú, omi oníyọ̀ sì máa ń gbé iná bátìrì yẹn dáadáa ju omi lásán lọ. Ọwọ́ mi rọ̀ nígbà tí mo ń ha ibẹ̀.

Ní oṣù kẹta, ọ̀dà ẹsẹ̀ òsì ti wú bí ìléròrò. Ní oṣù karùn-ún, ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì pupa wínníwínní nísàlẹ̀, níbi tí omi ìnulẹ̀ máa ń kàn. Ibi ìtẹ̀sẹ̀ kò tíì yọ nǹkan kan.

Tí ẹ bá fẹ́ lo oògùn náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ bu ìwọ̀nba sínú abọ́, kí ẹ má sì da èyí tó ṣẹ́ kù padà sínú ìgò, torí irin tó ti wọ inú rẹ̀ á ba ìyókù jẹ́. Ẹ má kùn ún sí irin tó ń yí nínú máṣíìnì. Òróró máṣíìnì ni ìyẹn ń fẹ́. Màá tún rà á, ṣùgbọ́n ọ̀dà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí n tó ṣí ìgò. Bóòtù 4 ló kù tí n kò tíì tú.